Eku Kan, Ihò Púpọ̀: Àkọsílẹ̀ Ọ̀ràn Pierre Fátúmbí Verger

Fọ́tò ni wọ́n rán Pierre Verger lọ yà. Ó yà á, ó kó 2,000 négátíìfù dé ilé ìwádìí IFAN ní Dakar, níbi tí Théodore Monod ti jẹ́ ọ̀gá, ó sì gbà pé iṣẹ́ parí nìyẹn. Wọ́n ní kò parí. Wọ́n ní kó jókòó, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ọkùnrin tó ti fi ilé ìwé sílẹ̀ láti ọmọ ọdún 17, tó jẹ́ pé kámẹ́rà Rolleiflex tó fi kọ́ ọrùn ni gbogbo ohun èlò rẹ̀, kò fẹ́ kọ nǹkan kan. Tìkọ̀tìkọ̀ ló fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti mú gègé dání yẹn, kò gbé e sílẹ̀ mọ́ títí ó fi kú ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1996, lẹ́ni ọdún 93.

Ọ̀ràn rẹ̀ jẹ mí lógún nítorí irú ọmọ kan tí kì í wọ́n nínú agbo ilé. Ọmọ tó máa tú rédíò bàbá rẹ̀ láàárọ̀, tó máa tẹ̀lé ìyá àgbà lọ já ewé lọ́sàn-án, tí wọ́n á tún bá lẹ́yìnkùlé lálẹ́ níbi tó ti gbójú sókè tó ń ka ìràwọ̀. Àwọn àgbà á ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Èmi náà gbọ́ ọ tó nílé, mo gbọ́ ọ tó níléèwé. Òwe náà kò purọ́. Àmọ́ ẹni tó dúró lókèèrè kò lè mọ̀ bóyá eku méjì lọmọ náà ń lé, tàbí eku kan ṣoṣo tó ń gba inú ihò mẹ́wàá kọjá. Eku kan ni Verger lé. Mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ihò dé ihò, nítorí mi ò mọ ẹlòmíràn tí ìtọpinpin rẹ̀ kan ilẹ̀ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀.

Paris ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 1902, nínú ilé olówó. Bàbá rẹ̀ ló ni ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan. Ọdún 1932 ló kọ́ iṣẹ́ fọ́tò, ọdún yẹn náà ni ìyá rẹ̀ kú, ó sì kù ú ku òun nìkan. Ó kó ẹrù, ó bọ́ sọ́nà. Nǹkan bí ọdún 14 ló fi rìn: Tahiti, Japan, Ṣáínà, Mẹ́síkò, Peru, ó tilẹ̀ ti fẹsẹ̀ kan ya Dàhòmì tí à ń pè ní Benin lónìí. Ó ń ta fọ́tò fún àwọn ìwé ìròyìn, ó ń fi jẹun. Títí dìgbà yẹn, kò sí okùn tó so ìlú kan mọ́ èkejì nínú ìrìn rẹ̀ ju pé ojú kan náà ló rí gbogbo wọn.

Ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ ọdún 1946 ló gúnlẹ̀ sí Salvador, olú ìlú Bahia ní Bràsíìlì. Ibẹ̀ ló padà di ilé rẹ̀.

Kí Yorùbá tó ń ka èyí fojú inú wo ohun tó bá níbẹ̀. Obìnrin kan wọ aṣọ funfun báláú, ó wé gèlè funfun, ó jókòó ti agbada lórígun òpópónà, ó ń din àkàrà nínú epo pupa. Bí o bá bi í pé kí ló ń tà, á ní acarajé: àkàrà àti jẹ, tó ti lẹ̀ mọ́ra di orúkọ kan. Lọ́jọ́rú, wọ́n á gbé oúnjẹ ilá fún Ṣàngó, amalá ni wọ́n sì ń pè é. Lọ́jọ́ Ẹtì, aṣọ funfun á gbòde nítorí Òrìṣàálá. Ẹni tí kò mọ ìlú tí wọ́n ti kó ìyá ìyá rẹ̀ wá ń kọrin tí ará Kétu á gbọ́, tí á yíjú padà.

Àlejò tó ti rí ìyẹn ṣáájú Verger kò lóǹkà. Wọ́n rí i, ó wù wọ́n, wọ́n lọ. Òun béèrè ohun kan: kí ló dé tó fi jẹ́ Bahia? Ní Rio, ọ̀dọ̀ Congo àti Angola ni wọ́n ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹrú wá. Kí ló wá kó ọmọ Kétu, ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti ọmọ Fọ̀n jọ pelemọ sétí omi kan ṣoṣo yìí? Ìbéèrè yẹn ni eku náà. Kò fi í sílẹ̀ fún bí àádọ́ta ọdún.

Ibi tó kọ́kọ́ yà sí ni ilé òrìṣà. Ìyálórìṣà tó ń darí Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá nígbà náà, Mãe Senhora, gbà á mọ́ra, ó sọ ọ́ di ọmọ ilé, wọ́n sì fi í joyè Ojú Ọba, oyè Ṣàngó. Èyí kọ́ ni pé àlejò ń wo ìran. Ọmọ ilé ń gbọ́ ohun tí àlejò kò ní í gbọ́, ó sì ń jíṣẹ́ tí wọn ò ní í rán àlejò. Lọ́dún 1948, ó rí owó ẹ̀kọ́ gbà láti lọ sí Áfíríkà lọ wo orísun ohun tó ń rí ní Bahia. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ lórí òkun náà, ó ń fi fọ́tò èbúté kan han àwọn ará èbúté kejì.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú apá yìí ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1952. Verger mú lẹ́tà kan ti Ọ̀yọ́ dé Salvador. Aláàfin ló fi ránṣẹ́ sí Mãe Senhora, ó sì fi oyè Ìyá Nàsó dá a lọ́lá. Ní ààfin Ọ̀yọ́, Ìyá Nàsó ni obìnrin tí ìbọ Ṣàngó ọba wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ní Bahia, orúkọ yẹn kan náà ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó dá ilé òrìṣà àgbà tí wọ́n ń pè ní Casa Branca sílẹ̀. Ẹ rò ó wò: orúkọ oyè tó ré òkun kọjá nínú ìyà, tó wà níbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé láìsí ẹni tó ránṣẹ́ sí i láti ilé, ni ààfin tó ni oyè wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún fi ránṣẹ́. Ẹni tó gbé lẹ́tà náà lọ́wọ́ kì í ṣe ọmọ Ọ̀yọ́, kì í ṣe ọmọ Bahia. Ó kàn jẹ́ ẹni tí kò lè fi ìbéèrè sílẹ̀ ni.

Ihò kejì ṣí ní Ouidah, ìlú èbúté kan ní Dàhòmì, lọ́dún 1949. Ibẹ̀ ni wọ́n ti jẹ́ kó rí àwọn lẹ́tà òwò José Francisco dos Santos, ẹni tí wọ́n ń pè ní Alfaiate, ìyẹn télọ̀. Ọkùnrin náà gbé ní Ouidah ní ọgọ́rùn-ún ọdún 19, ó ń ta ẹrú, ó tún ń ta epo pupa. Lẹ́tà tó ń kọ sí àwọn tó ń bá ṣòwò ní Bahia lé ní ọgọ́rùn-ún. Àkókò tí òfin ti de òwò ẹrú ni, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń ṣọ́ ojú omi, síbẹ̀ ó ń kọ̀wé bí ẹni tó ń ta àgbàdo.

Ayàwòrán ni Verger. Òun tó wá fọ́tò ijó òrìṣà wá di ẹni tó jókòó ti ìwé ìṣirò ọjà. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ní, “Èyí kì í ṣe iṣẹ́ mi.” Wọ́n á ya fọ́tò lẹ́tà náà, wọ́n á gbé e fún onímọ̀ ìtàn. Verger kà á. Bí ó sì ti ń kà á, ó rí i pé ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀ kò sí nínú lẹ́tà Alfaiate nìkan. Ó ti pẹ́ ju Alfaiate lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé àkójọ ìwé àtijọ́ kan dé òmíràn: Bahia, Rio, Lisbon, London, Paris, The Hague. Nínú àkọsílẹ̀ àwọn gómìnà àti àwọn oníṣòwò tó ti kú tipẹ́ ló ti bá ohun tí kò sí ẹni tó ń bá òrìṣà lọ tó máa lọ wá a síbẹ̀. Ó bá tábà.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ èyí. Ní ìgbèríko tó yí Salvador ká, pàápàá lọ́wọ́ Cachoeira, ni wọ́n ti ń gbin tábà. Bí wọ́n bá ká a tán, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń ṣà á sí. Ewé tó gún régé, ti Lisbon ni. Èyí tó tẹ̀lé e, ti Lisbon náà ni. Èyí tó kù nílẹ̀, ewé tó ya, èyí tó kéré, èyí tí kò já mọ́ nǹkan kan, wọn kò fẹ́ kó dé Pọ́túgàl rárá. Kó má baà ṣòfò, ìjọba gbà kí àwọn ará Bahia máa gbé e lọ sí etí òkun tiwa níhìn-ín, èyí tí wọ́n ń pè ní Costa da Mina.

Ewé tó ti ya kì í gbára jọ. Bí o bá fẹ́ lọ́ ọ, á máa fọ́ dànù. Ohun tí wọ́n wá ń ṣe ni pé wọ́n á fi omi ìrèké dúdú, èyí tó ki bí oyin, pa á lára dáadáa, ju bí wọ́n ti ń pa tàwọn ewé tó dára lọ. Wọ́n á lọ́ ọ bí okùn tó nípọn, wọ́n á sì ká okùn náà lé ara wọn. Omi ìrèké yẹn wọ inú ewé. Kò jẹ́ kó gbẹ lójú òkun, ó sì fún un ní adùn àti òórùn kan. Nígbà tó dé etí òkun wa, ó bọ́ sí àwọn oníbàárà lẹ́nu, wọn kò fẹ́ òmíràn mọ́. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú rẹ̀. Faransé kò ní. Àwọn ará Họ́lándì kò ní. Oníṣòwò Lisbon gan-an kò ní, nítorí òfin ìlú rẹ̀ ni kò jẹ́ kó wọlé tọ̀ ọ́ wá. Bahia nìkan ló ní i.

Àwọn ará Họ́lándì tó ti gba odi Elmina lọ́wọ́ Pọtogí lọ́dún 1637 mọ ohun tí tábà yìí tó. Wọ́n ní ọkọ̀ Pọtogí tó bá ń bọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró ní Elmina, kó san ìdá kan nínú mẹ́wàá tábà rẹ̀, kó tó lè lọ. Ibi mẹ́rin ni wọ́n sì yọ̀ǹda fún un láti ná: Grand-Popo, Ouidah, Jakin àti Àpá tí kò jìnnà sí Àgbádárìgì. Ẹ wo àwọn ibi mẹ́rin yẹn lórí máàpù. Ẹnu ọ̀nà ilẹ̀ Fọ̀n àti ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n.

Ìdí abájọ nìyẹn. Ọkọ̀ Bahia ń lọ tààrà, ó ń bọ̀ tààrà, kò gba Lisbon kọjá. Ó ń gbé tábà tí ará Lisbon kọ̀ dé Ouidah, ó ń kó èèyàn padà. Bí ogun ṣe wá ń tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká, láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún 18 wọ ọgọ́rùn-ún ọdún 19, àwọn ọmọ Yorùbá ló wá pọ̀ jù nínú ẹrù ọkọ̀ wọ̀nyẹn. Ìdí tí wọ́n fi ń kí Ọ̀ṣun ní Salvador lónìí wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣa ewé tábà ní Cachoeira.

Ó ń dùn mí nígbàkigbà tí mo bá rántí rẹ̀. Wọ́n fi ewé tí wọn ò kà sí nǹkan kan ra ọmọ ọlọ́mọ. Mo mọ̀ pé òwò ẹrú kò ní apá tó dára níbì kan, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dúró sórí “òwò ẹrú” lásán, ó máa ń dà bí ìjì, bí ohun tó kàn jà tó sì kọjá lọ. Ìgbà tí o bá rí okùn tábà náà, tí o rí ọwọ́ tó ń fi omi ìrèké pa á lára, ni wàá mọ̀ pé ẹnìkan ló jókòó ṣírò ọ̀rọ̀ náà.

Ta ni ì bá rí i? Onímọ̀ ìtàn ọjà lè rí tábà, kó má béèrè ohun tí Ṣàngó ń jẹ lọ́jọ́rú. Ẹni tó ń ṣèwádìí òrìṣà lè lo ọgọ́ta ọdún ní Bahia láìka ìwé àkọsílẹ̀ owó ibodè kan. Verger rí i nítorí pé kò gbà pé ọ̀tọ̀ ni ibi tí àkàrà wà, ọ̀tọ̀ ni ibi tí tábà wà.

Ó tún rí i pé odò náà kò ṣàn sí ọ̀nà kan. Lọ́dún 1835, àwọn Mùsùlùmí, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, dìde ní Salvador láti gba òmìnira. Wọ́n ṣẹ́gun wọn, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ọmọ Áfíríkà padà. Àwọn mìíràn tún fowó ara wọn wọkọ̀. Àwọn yìí ni Àgùdà, tó wá tẹ̀ dó sí Èkó, Àjàṣẹ́ àti Ouidah. Wọ́n kó iṣẹ́ ìkọ́lé wọn wá. Ẹni tó bá dé Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey l’Ékòó, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894, ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ni yóò rí lára ògiri. Wọn ò sì gé okùn òwò náà: obì, orógbó, aṣọ òfì àti ọṣẹ dúdú ń lọ sí Bahia, tábà àti ọtí ìrèké ń bọ̀ l’Ékòó. Verger kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, àlọ àti àbọ̀, ó gbé e lọ sí yunifásítì Sorbonne, wọ́n sì fún un ní oyè dókítà lọ́dún 1966. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, kò sì ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì kankan ṣáájú ìyẹn. Ìwé náà jáde lédè Faransé lọ́dún 1968. Ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ti Gẹ̀ẹ́sì jáde lọ́dún 1976.

Ẹlòmíràn á fẹ̀yìn tì níbẹ̀. Àmọ́ eku náà ti wọ inú igbó tipẹ́.

Ní Bahia, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń sọ lédè wa títí dòní: kò sí ewé, kò sí òrìṣà. Láìsí ewé, wọn ò lè wẹ orí, wọn ò lè fini mawo. Bí ìyẹn bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn tí wọ́n kó lọ ní ìhòòhò, báwo ni wọ́n ṣe rí ewé wọn ní ilẹ̀ àjèjì? Èwo ló bá wọn débẹ̀, èwo ni wọ́n bá níbẹ̀, èwo ni wọ́n fi òmíràn dípò? Ìbéèrè àkọ́kọ́ náà ló wọ aṣọ mìíràn wá. Kó tó lè dáhùn rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ ewé lọ́dọ̀ àwọn tó ni wọ́n. Lọ́dún 1953, ó tẹ̀fá ní Kétu, ó di babaláwo, wọ́n sọ ọ́ ní Fátúmbí: Ifá tún mi bí. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà awo ti lè kọ́ ọ ní ohun tí wọn kì í kọ́ ògbẹ̀rì, òun náà sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ lédè Yorùbá bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ohun tó rí níbẹ̀, gbogbo wa ti gbọ́ ọ rí láìfetí sí i. Lọ sọ́jà, ra ìdì tẹ̀tẹ̀ kan. Ẹ̀fọ́ ni, igi rẹ̀ máa ń pọ́n díẹ̀, o lè fi se ọbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbé ewé yẹn kan náà fún babaláwo, á ní, “Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́.” Kí ẹni tó lò ó má tẹ́ ni ó ń wí. Orúkọ ewé náà, tẹ̀, àti ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣe, kí èèyàn má tẹ́, ti wà nínú ẹnu kan náà. Mú àlùpàyídà: ohun tí o bá fẹ́ kó yí, kó pa dà, ewé rẹ̀ nìyẹn, orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́. Mú àbámodá, wọ́n á rán ọ létí pé àbá tí alágẹmọ bá dá ni òrìṣà ń gbà.

Oníṣègùn ìbílẹ̀ kankan kì í ṣàlàyé èyí fún ọmọ rẹ̀, ọmọ náà á kàn mọ̀ ọ́n. Verger ló gbé e síta fún àwọn onímọ̀ nínú àròkọ kan tó tẹ̀ jáde lédè Faransé lọ́dún 1972. Ó ní orúkọ ewé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè sí i àti iṣẹ́ tó ń ṣe so mọ́ra, àti pé okùn tó so wọ́n yìí ni àwọn tí kì í kọ ìmọ̀ wọn sínú ìwé fi ń dì í mú. Bí o bá gbàgbé ewé, ọ̀rọ̀ á rán ọ létí. Bí o bá gbàgbé ọ̀rọ̀, orúkọ ewé á fà á jáde. Ní ojú tèmi, ohun ńlá ni. Onímọ̀ nípa igi tó fi orúkọ Látìn nìkan pe ewé náà ti já okùn yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Onímọ̀ èdè tí kò wọ igbó kò ní í mọ ewé tí wọ́n ń sọ. Ẹni tó máa rí i gbọ́dọ̀ mọ èdè, kó mọ igbó, kó sì ti tẹ̀fá.

Yunifásítì Ifẹ̀ ni iṣẹ́ ewé yìí ti fìdí múlẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ló ti tẹ ìwé Àwọn Ewé Ọ̀sanyìn jáde lọ́dún 1967, ó sì tún padà lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1980. Ó ń mú ewé wá, ó ń mú orúkọ Yorùbá rẹ̀ wá, wọ́n ń wá orúkọ Látìn tó bá a mu. Kò rọrùn. Ewé kan lè ní orúkọ mẹ́rin, nítorí iṣẹ́ mẹ́rin ló ń ṣe. Orúkọ kan náà sì lè jẹ́ ti ewé méjì tí kò jọra.

Mi ò fẹ́ sọ ọ́ di ẹni tí kò ní àléébù. Ibi kan wà tí ojú rẹ̀ kì í sábà yí sí. Ó fẹ́ràn Yorùbá àti Fọ̀n débi pé àwọn ọmọ Congo àti Angola tó wà ní Bahia kannáà, tí wọ́n ní ilé òrìṣà tiwọn, tí èdè wọn wọ inú Pọtogí tí gbogbo Bràsíìlì ń sọ, kò rí ìdajì àkókò rẹ̀ gbà. Àwọn onímọ̀ kan ní Bràsíìlì ti bá a wí lórí èyí, mo sì gbà pé wọ́n jàre. Ó dùn mọ́ wa nítorí pé àwa ló fẹ́ràn. Ọmọ Angola tó bá ka ìwé rẹ̀ lè má rí i bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àṣírí. Ìwé ńlá rẹ̀ lórí ewé tó jáde ní Bràsíìlì lọ́dún 1995 ní oògùn tó lé ní 400, èyí tó ń wo àìsàn, ti ìbímọ, ti ìsìn òrìṣà, ti ire, àti èyí tí wọ́n fi ń ṣe ibi. Ohun tí wọ́n kọ́ babaláwo lábẹ́ ìbúra ni wọ́n wá tẹ̀ sórí pépà fún ẹnikẹ́ni tó bá lówó ìwé. Mo ti ronú sí i títí. Bí kò bá kọ ọ́, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ì bá ti bá àwọn tó sọ ọ́ wọlẹ̀. Ìyẹn kò sì sọ pé àwọn tó ni í sọ pé kó tà á. Àwọn babaláwo tí mo mọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀, èmi náà kò tíì rí ibi tí màá dúró sí.

Ohun tó dá mi lójú ni pé kì í ṣe òun nìkan ló ṣe é. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Mãe Senhora ṣílẹ̀kùn. Àwọn àgbà Kétu tẹ̀ ẹ́ nífá. Ẹnìkan ní Ouidah gbé àpò lẹ́tà ẹbí sílẹ̀ níwájú àjèjì tó ń gbé kámẹ́rà kiri. Monod àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kò gba fọ́tò lásán lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sọ fún un pé kó fìdí mọ́ iṣẹ́ kan, kó má yọjú sí ti ẹlòmíràn, bóyá a ò bá mọ̀ títí dòní ohun tí tábà ṣe fún wa.

Ilé kékeré kan tí wọ́n kùn ní pupa, ní Vila América ní Salvador, ló gbé títí ó fi kú. Kò kó ọrọ̀ jọ síbẹ̀. Ohun tó kó jọ ni ìwé, àkọsílẹ̀, àti négátíìfù tó ju 60,000 lọ, ó sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún àjọ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tó dá sílẹ̀ lọ́dún 1988. Àwọn oògùn tó gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn babaláwo ilẹ̀ wa pọ̀ gan-an ju èyí tó rí àyè nínú ìwé rẹ̀ lọ. Àwọn tó kù ṣì wà níbẹ̀, lédè Yorùbá, bí àwọn tó sọ ọ́ ṣe sọ ọ́.